Ọmọ Tó Fẹ́ Lọ Ṣiṣẹ́ X-ray ní Ìlú Ọba: Ohun Tó Yẹ Kí Ilé Bẹ̀rù àti Èyí Tí Kò Yẹ

  Láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn ni lẹ́tà oríṣi kan ti ń wọlé sí ojú ewé yìí, àwọn òbí ló sì ń kọ ọ́ jù. Ọmọ wọn kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán inú ara ènìyàn ní yunifásítì, ó ti ṣe é ní ọsibítù níhìn-ín fún ọdún mélòó kan, ó wá fẹ́ lọ ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá kan ní Ìbàdàn ló kọ èyí tó wọ̀ mí lára jù lọ. Ó ní ọmọbìnrin òun ni, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sì ti wá tọrọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹbí ọkọ ní kò gbọdọ̀ lọ, wọ́n ní ìtànṣán ẹ̀rọ òyìnbó yóò ba ilé-ọmọ rẹ̀ jẹ́. Ìyá náà wá bi mí pé, ṣé òótọ́ ni?

Èmi tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, iṣẹ́ náà ni mo fi jẹun. Mo ṣe é ní ilé wa níhìn-ín fún ọdún 6, mo sì ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún 9 kí n tó padà wálé. Nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ à-gbọ́-sọ ni mo fẹ́ fi dá a lóhùn. Èsì mi nìyí ní kúkúrú: ohun tí àwọn àna ń bẹ̀rù kọ́ ló yẹ kí a bẹ̀rù. Ìtànṣán wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀ràn ti rí i, wọ́n ti wọ̀n ọ́n, wọ́n sì ti mọ odi yí i ká. Ohun tí ń pa àwọn ọmọ wa lára lọ́hùn-ún ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá wọn mọ odi yí ká: gbèsè ejẹ́ǹtì, ẹ̀yìn dídùn, àìsùn, àìrí oòrùn, àdáwà, àti ibà tí ń dúró dè wọ́n nílé nígbà tí wọ́n bá wá kí wa. Ẹ jẹ́ kí a mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

IṢẸ́ WO GAN-AN NI?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé dókítà ni ẹni tí ń ya X-ray. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tó ní kí o dùbúlẹ̀ lórí tábìlì, tó tún apá rẹ tò, tó ní kí o mí sínú kí o sì dá èémí dúró, tó wá tẹ bọ́tìnnì, òun ni òyìnbó ń pè ní radiographer. Èmi yóò máa pè é ní ayàwòrán-ara. Dókítà tí ń wo àwòrán náà láti kọ èsì ni wọ́n ń pè ní radiologist. Ní ilẹ̀ wa, ọdún 5 ni ayàwòrán-ara fi ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì, bíi Yunifásítì Èkó tàbí Yunifásítì Nàìjíríà ti Nsukka, lẹ́yìn èyí ni yóò lo ọdún 1 sí i lábẹ́ àwọn àgbà ní ọsibítù. Ìgbìmọ̀ kan tí òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 1987, Radiographers Registration Board of Nigeria, ló ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ gidi ni, kì í ṣe iṣẹ́ fọ́tò.

Ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Wilhelm Röntgen, ló ṣàwárí ìtànṣán X ní oṣù November ọdún 1895. Kí ọdún náà tó parí, ó ti fi ya ọwọ́ ìyàwó rẹ̀: egungun ìka hàn gedegbe, òrùka ìgbéyàwó sì wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹ̀rọ mìíràn dé. Ẹ̀rọ CT ń fi ìtànṣán X yìí kan náà ya ara ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ìgbà tí a bá gé búrẹ́dì. October 1, 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í ya orí aláìsàn, ní ọsibítù Atkinson Morley ní London. Ẹ̀rọ MRI kì í lo ìtànṣán X rárá. Òòfà ńlá ló ń lò. Sikáànì tí àwọn aláboyún ń ṣe kò lò ó pẹ̀lú; ìró kan tí etí wa kò lè gbọ́ ló ń rán wọ inú ikùn, èyí tó bá padà ni ó fi ń ya àwòrán. Ẹ rí i pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ inú yàrá wọ̀nyí ló ní ohun tí àwọn àna ń sá fún.

Ọ̀RỌ̀ ÌTÀNṢÁN

Síbẹ̀, ìbẹ̀rù wọn kò ṣàdédé wá. Nígbà tí iṣẹ́ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìwọ̀nba ènìyàn ló fura pé ìtànṣán náà lè ba ara jẹ́. Clarence Dally, tí ó jẹ́ ọmọ iṣẹ́ Thomas Edison ní Amẹ́ríkà, a máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán ẹ̀rọ wò. Ọwọ́ náà jóná, ó di jẹjẹrẹ, wọ́n gé e, síbẹ̀ ó kú ní ọdún 1904. Àwọn mìíràn nínú àwọn àgbà iṣẹ́ náà kú bẹ́ẹ̀. Ikú wọn ló kọ́ àwọn tó kù lọ́gbọ́n.

Ọgbọ́n náà pín sí mẹ́ta. Ekíní ni àkókò: má ṣe dúró níwájú ìtànṣán ju bí ó ti yẹ lọ. Ekejì ni jíjìnnà: bí o bá jìnnà sí i ní ìlọ́po méjì, ìtànṣán tí ń bà ọ́ yóò dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹkẹta ni ààbò: ògiri tí a fi òjé sínú rẹ̀, gíláàsì tí a pò mọ́ òjé, àti ẹ̀wù òjé. Nígbà tí ayàwòrán-ara bá ń tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀yìn ògiri yẹn ló wà. Bí ó bá sì ti gbé ìka kúrò, ìtànṣán ti tán, gẹ́gẹ́ bí iná mànàmáná ti ń tán nígbà tí a bá pa á. Kì í rọ̀ mọ́ aṣọ, kì í dúró sínú yàrá bí èéfín, ayàwòrán-ara kì í sì í gbé e wá sílé fún ọkọ tàbí fún ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi iye hàn yín. Ìtànṣán wà nínú ayé fúnra rẹ̀: ó ń ti inú ilẹ̀ wá, ó ń ti inú òkúta wá, ó sì ń ti òfurufú wá. Òṣùwọ̀n rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní millisievert. Bí a bá pín in dọ́gba káàkiri àgbáyé, ènìyàn kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bíi 2.4 lọ́dún láìdé ọsibítù rárá. X-ray àyà kan kì í sábà ju ìdá kan nínú mẹ́wàá 1 millisievert lọ. CT ikùn lè tó 10, ìdí sì nìyí tí dókítà tó mọṣẹ́ kì í fi í kọ ọ́ fún ènìyàn láìnídìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 2017 sọ pé òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ gbà ju 20 lọ lọ́dún kan. Ayàwòrán-ara tí ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ kì í sábà gba 1 pàápàá. Báàjì kékeré kan wà tí òṣìṣẹ́ ń fi sí àyà tàbí ìbàdí, tí ń ka iye tó bà á, wọ́n a sì máa kó o jọ láti yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè. Ní ibi kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé níhìn-ín, báàjì kò kárí wa. Lọ́hùn-ún, ọjọ́ kẹta tí mo dé ni wọ́n fi tèmi lé mi lọ́wọ́.

Ìtànṣán tó lè sọ obìnrin di àgàn wà, ṣùgbọ́n ó ju gbèdéke ọdún kan yẹn lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, ó sì gbọ́dọ̀ bà á ní ilé ẹyin rẹ̀. Ẹni tó dúró lẹ́yìn ògiri òjé kò sún mọ́ ọn rárá. Nítorí náà, ìyá wa ní Ìbàdàn, ẹ sọ fún àwọn àna pé mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin tí mo bá ṣiṣẹ́ bímọ, wọ́n tún padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ohun kan ló kù tí ọmọbìnrin náà gbọ́dọ̀ mọ̀. Ní ilẹ̀ wa, a kì í sọ̀rọ̀ oyún títí yóò fi hàn fúnra rẹ̀. Níbi iṣẹ́ yìí, àṣà yẹn kò dára. Bí ó bá ti mọ̀ pé òun lóyún, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé fún ọ̀gá rẹ̀ láìfi falẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni òfin ti sọ ọ́ di dandan fún wọn láti tò iṣẹ́ rẹ̀ kí ìtànṣán tí ọmọ inú lè gbà má ṣe ju 1 millisievert lọ títí yóò fi bí i. Wọn kò ní lé e. Wọ́n lè kàn yí iṣẹ́ rẹ̀ padà díẹ̀. Kí ó sọ fún ọ̀gá, kí ó sì fi pamọ́ fún àdúgbò.

Ní ti MRI, òòfà ni kí a bẹ̀rù níbẹ̀, nítorí òòfà náà kì í sùn. Lọ́sàn-án lóru ló ń fa irin, yálà àwòrán ń lọ lọ́wọ́ tàbí kò lọ. Àgbá afẹ́fẹ́ oxygen lè fò lọ bá a bí òkò. Ẹni tí a fi irin sí lára rí gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí ó tó wọ yàrá náà, ìbáà ṣe aláìsàn tàbí òṣìṣẹ́.

Ẹ GBA ẸNU Ọ̀NÀ, Ẹ MÁ ṢE GBA FÈRÈSÉ

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ni ọ̀rọ̀ ìwé àti ejẹ́ǹtì ń ṣe ní ojú ewé ìlera. Èsì mi ni pé gbèsè kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn, ẹni tí kò bá sì sùn kò ní ìlera. Mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún tí bàbá rẹ̀ ta ilẹ̀ láti fi san owó ejẹ́ǹtì, wọ́n sì tún yá owó èlé kún un. Láti ọjọ́ tó dé ni ó ti ń gba iṣẹ́ òru lé iṣẹ́ òru kí ó lè san án. Lọ́jọ́ kan ó dákú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù. Nígbà tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ti ru ju bí ó ti yẹ kí ti ẹni tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún rí. Owó tí ó ń ṣe wàhálà lé lórí yìí, òfin kò tilẹ̀ gbà kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Báyìí ni ọ̀nà tòótọ́ ṣe rí. Àjọ kan tí ń jẹ́ Health and Care Professions Council, tí wọ́n ń pè ní HCPC, ló ń kọ orúkọ àwọn ayàwòrán-ara sílẹ̀ níbẹ̀. Òfin ló dáàbò bo orúkọ radiographer: ẹni tí kò bá sí nínú ìwé àjọ yìí kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn yóò wo ìwé ẹ̀rí ọmọ, ohun tó kọ́, ibi tó ti ṣiṣẹ́, àti bí ó ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó. Iye owó wọn a máa yí padà, nítorí náà ẹnu àjọ náà fúnra rẹ̀ ni kí ọmọ ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu ejẹ́ǹtì.

Lẹ́yìn èyí ni yóò wá iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á síṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní àṣẹ ìjọba láti gba ará òkèèrè, kí ó sì fún un ní ìwé onígbọ̀wọ́. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń tẹ orúkọ gbogbo àwọn tó ní àṣẹ yìí jáde fún ẹnikẹ́ni láti kà. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ wá orúkọ agbanisíṣẹ́ náà nínú rẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ má ṣe tẹ̀ síwájú. Ìwé onígbọ̀wọ́ yìí ni yóò fi gba físà àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù August ọdún 2020. Kí físà tó jáde, wọn yóò ya X-ray àyà rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ní ikọ́ ife, ní ilé ìwòsàn tí ìjọba wọn fọwọ́ sí níhìn-ín. Ẹni tí ń ya ẹlòmíràn yóò bọ́ ẹ̀wù, a ó sì ya òun náà.

Ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ orúkọ orílẹ̀-èdè 55 tí òṣìṣẹ́ ìlera wọn kò tó nǹkan jáde, Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀. Nítorí irú èyí ni ìlànà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò fi gbà kí àwọn agbanisíṣẹ́ wọn wá ṣa òṣìṣẹ́ ìlera jọ láti ọ̀dọ̀ wa. Ọmọ yín lè fúnra rẹ̀ kọ̀wé wá iṣẹ́. Ìyẹn kò lòdì sí òfin. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá gba gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì, tó wọ kóòtù, tó ní ọsibítù ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló rán òun wá kó ọmọ yín lọ, ẹ fura. Òfin wọn tó ti wà láti ọdún 1973 kò sì gbà kí ejẹ́ǹtì gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ń wá iṣẹ́ nítorí pé ó bá a rí iṣẹ́.

Àwọn mìíràn a máa sọ pé kí ọmọ kọ́kọ́ lọ gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú arúgbó, pé tí ó bá débẹ̀ yóò yí i padà. July 22, 2025 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ àwọn tí wọ́n ń fẹ́ ti òkèèrè wá gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ṣì ń tà á fún yín, ohun tí kò sí lọ́jà ló ń tà.

Ẹ tún jẹ́ kí ọmọ ka ìwé iṣẹ́ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí ó tó fọwọ́ sí i. Àwọn agbanisíṣẹ́ kan a máa kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ó bá kúrò kí ọdún kan tàbí méjì tó pé, yóò dá owó ìrìn-àjò padà. Kí ó mọ iye rẹ̀ ṣáájú. Kí ó sì mọ̀ pé sikáànì tí ó ti ń ṣe nílé lè má jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún, nítorí wọ́n sábà máa ń béèrè ìwé ẹ̀rí ọ̀tọ̀ lórí rẹ̀.

ARA ẸNI TÍ Ń YA ARA ẸLÒMÍRÀN

Ẹ̀yìn ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ojoojúmọ́ ni a ń gbé arúgbó tó ṣubú láti orí bẹ́ẹ̀dì sí orí tábìlì, ẹ̀wù òjé tí a ń wọ̀ ní àwọn yàrá kan sì wúwo. Àwa tí a kọ́ iṣẹ́ nílé ti mọ bí a ti ń fi agbára ọ̀dọ́ gbé aláìsàn, a sì ń fi í yangàn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan ti wà láti ọdún 1992 tó ní kí agbanisíṣẹ́ má ṣe jẹ́ kí òṣìṣẹ́ gbé ẹrù tó lè ṣe é léṣe bí ọ̀nà mìíràn bá wà. Aṣọ yíyọ̀ tí a ń fi fa aláìsàn wà, ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn sókè sì wà. Kí ọmọ lò wọ́n. Kí ó dúró de ẹnìkejì, kódà bí èrò bá tò sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tí ń ṣe sikáànì, èjìká àti ọrùn-ọwọ́ ni tiwọn. Kí wọ́n sún aláìsàn mọ́ra, kí wọ́n má ṣe na apá jìnnà.

Oorun ló tẹ̀lé e. Ọsibítù kì í ti ilẹ̀kùn, nítorí náà iṣẹ́ òru wà. Òfin wọn ti ọdún 1998 fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi wákàtí 11 láàárín iṣẹ́ ọjọ́ kan àti èkejì, ó sì fi wákàtí 48 ṣe gbèdéke ọ̀sẹ̀, bí a bá ṣírò rẹ̀ dọ́gba láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Òṣìṣẹ́ lè fọwọ́ sí i pé òun fẹ́ ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ wa ti ń ṣe ara wọn léṣe. Ẹni tó bá ti iṣẹ́ òru dé, kí ó fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, kí ó pa fóònù, kí ó sì sùn. Bí oorun bá ń kun ojú rẹ̀, kí ó má ṣe wa ọkọ̀ wálé, bọ́ọ̀sì wà.

Oòrùn náà ńkọ́? Ní oṣù December, nǹkan bíi aago 8 ni oòrùn ń yọ ní London, a sì máa wọ̀ ní nǹkan bíi aago 4 ìrọ̀lẹ́. Yàrá X-ray kì í sábà ní fèrèsé. Ọmọ a jáde nílé nínú òkùnkùn, a ṣiṣẹ́ láìrí ìta, a sì padà wálé nínú òkùnkùn. Oòrùn ni awọ ara wa fi ń ṣe fítámì D tí ń mú egungun àti iṣan le, awọ dúdú sì nílò oòrùn púpọ̀ ju awọ funfun lọ láti ṣe é. Ìdí nìyí tí ìjọba wọn fi gba àwọn aláwọ̀ dúdú níyànjú láti ronú lílo fítámì D, microgram 10 lójúmọ́, yípo ọdún. Ilé oògùn ni wọ́n ti ń tà á, kò sì wọ́n. Bí ara bá ń ro ọmọ yín, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dùn ún ní ìgbà òtútù, kí ẹ má ṣe kọ́kọ́ sọ pé ọ̀tá ló ń bá a jà.

Àdáwà ló ṣòro jù láti wọ̀n. Nílé wa, bí ènìyàn bá dákẹ́ fún ọjọ́ méjì, ará ilé yóò kan ilẹ̀kùn. Lọ́hùn-ún, ènìyàn lè dákẹ́ fún oṣù kan. Ayàwòrán-ara ń rí ìbànújẹ́ kí dókítà tó rí i: òun ló kọ́kọ́ ń rí kókó nínú ọmú ìyá ọlọ́mọ, òun ló ń ya egungun ọmọdé tí wọ́n lù. Ó sì gbọ́dọ̀ mú ojú rẹ̀ dúró bí ẹni tí kò rí nǹkan, nítorí ẹnu rẹ̀ kọ́ ni aláìsàn ti ń gbọ́ èsì. Bí kò bá rí ẹni bá sọ ọ́, a máa di ẹrù sí i lọ́kàn. Bí ọmọ bá sọ pé òun kò fẹ́ jẹun mọ́, tàbí pé kò sí ohun tí ń dùn mọ́ òun nínú mọ́, àìsàn nìyẹn, kì í ṣe ọ̀lẹ. Kí ó lọ rí dókítà àdúgbò tí wọ́n ń pè ní GP. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó bá dé ni kí ó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ó má ṣe dúró di ọjọ́ àìsàn, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún un. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ náà, Society of Radiographers, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1920, wà láti gbèjà ọmọ ẹgbẹ́ bí ọ̀gá bá ń rẹ́ ẹ jẹ. Kí ó wọ ẹgbẹ́ náà.

IBÀ ÀBỌ̀WÁLÉ

Èyí ni àwọn ènìyàn wa kì í fẹ́ gbọ́. Ẹni tí a bí síhìn-ín, tí ẹ̀fọn ti ń jẹ láti kékeré, ara rẹ̀ a máa bá ibà jà dé ìwọ̀n kan. Bí ó bá kúrò fún ọdún mélòó kan, agbára yẹn a máa dín kù. Ọmọ tí a bí sọ́hùn-ún kò ní i rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀ wá ṣe ọdún Kérésì tàbí ọdún iléyá, wọ́n a ní ilé bàbá àwọn ni àwọn ń lọ, kí ni àwọn fẹ́ fi oògùn ibà ṣe? Nínú àwọn tí ibà ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí wọ́n lọ kí ẹbí wọn ní Áfíríkà ló pọ̀ jù, àwọn mìíràn a sì máa bá a lọ.

Nítorí náà, kí ọmọ lọ gba oògùn tí ń dènà ibà kí ó tó wọ ọkọ̀ òfurufú, kí ó lò ó bí wọ́n ti ní kí ó lò ó nígbà tó wà níhìn-ín àti lẹ́yìn tó bá padà. Kí ó sùn lábẹ́ àpò ẹ̀fọn, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ má ṣe rò pé ó ń ṣe òyìnbó. Bí ara rẹ̀ bá sì gbóná láàárín ọdún kan lẹ́yìn tó padà, kí ó lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà, kí ó sì là á mọ́lẹ̀ fún wọn pé Nàìjíríà ni òun ti dé. Bí kò bá sọ ọ́, wọ́n lè pè é ní ọ̀fìnkìn.

OHUN TÓ KÙ SỌ́WỌ́ ILÉ

Owó oṣù tí ẹ gbọ́ pé ọmọ ń gbà kọ́ ni owó tó ń wọ ọwọ́ rẹ̀. Owó orí yóò kúrò níbẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì yóò kúrò, owó ilé yóò kúrò, owó iná tí ń mú ilé gbóná yóò sì kúrò. Ìyókù ni ó fi ń jẹun, inú ìyókù yẹn náà ni ó ti ń rántí yín. Nígbà tí a bá pè é ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kan, tó sì jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹta náà lórí owó ni, iṣẹ́ òru ni a ń rán an lọ láìmọ̀. Ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan kí ẹ má béèrè nǹkan kan. Ẹ bi í ohun tó jẹ, ẹ bi í bóyá ó sùn, ẹ sọ ìròyìn àdúgbò fún un kí ó rẹ́rìn-ín. Oògùn ni.

Kí n tó dákẹ́, ohun márùn-ún nìyí tí mo fẹ́ kí ilé gé pamọ́ kúrò lára ìwé ìròyìn yìí: kí ọmọ forúkọ sílẹ̀ ní HCPC fúnra rẹ̀; kí ẹ má ṣe san owó iṣẹ́ fún ejẹ́ǹtì kankan; kí ó wọ báàjì rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, kí ó sì tètè sọ bí ó bá lóyún; kí ó wá dókítà àti fítámì D ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́; kí ó má ṣe wálé láìní oògùn ibà. Ọmọ tó bá ṣe márààrún, kí ẹ súre fún un, kí ẹ sì jẹ́ kí ó máa lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí, a ó sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru àti iyọ̀ inú ọbẹ̀. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ojú ewé yìí. Ó dìgbà o.